Ìyá Khàlíl àti 'Ó Dàbọ̀' Tí Wọ́n Pa Rẹ́

Ohun mẹ́ta ni wọ́n sọ fún mi nípa kọ̀ǹpútà kan ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate. Wọ́n ní ó ti ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo láti ọdún 1991. Wọ́n ní obìnrin ló kọ ètò tó ń darí rẹ̀. Wọ́n ní kò ṣìṣe rí. Mo gba àkọ́kọ́ àti ìkejì, mo fi ìkẹta sílẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ní kò ṣìṣe rí, ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò ni.

Ṣógúnlé ni obìnrin náà ń gbé, ní òpópónà kan tó kún fún àwọn wẹ́dà àti àwọn aránṣọ. Ìsíátù Ọláníyọnu lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá béèrè Ìsíátù, wọn á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ìyá Khàlíl ni kí o béèrè. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó máa ń gbé awò ojú rẹ̀ sórí ìborùn, á sì máa wá a kiri. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń tún ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju ilé ìdáná lọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ó ti tú ọ̀kan palẹ̀, yíǹkì ti dé ìgbúnwọ́ rẹ̀.

Mo kí i, mo sọ fún un pé akọ̀ròyìn ni mí, mo sì béèrè bóyá òótọ́ ni pé ètò rẹ̀ kò ṣìṣe rí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ó béèrè. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ṣìṣe kí n tó bí Khàlíl. Ṣé o ti jẹun?"

Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rò ó pé ìròyìn yìí lè jẹ́ òótọ́. Òpùrọ́ kì í fi àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn ara rẹ̀.

Ṣakí ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e wá sí Èkó, ìyá náà sì ń ta ike ní Bọ́ládé: abọ́, korobá, ìgò omi àwọn ọmọ iléèwé. Ìsíátù ò fẹ́ràn ọjà títà. Ó fẹ́ràn láti tú nǹkan. Rédíò bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ tú, ó tò ó padà, ó ní irin kékeré méjì ló ṣẹ́ kù tí rédíò náà sì ń sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Wọ́n rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná. Nínú ẹni mọ́kànléláàdọ́ta tó wà ní kíláàsì náà, obìnrin méjì péré ni wọ́n. Nígbà tó jáde, iṣẹ́ tó rí ni akọ̀wé ìdíwọ̀n ní ilé iṣẹ́ páálí kan ní Ìsọlọ̀.

Páálí àlòkù ni ilé iṣẹ́ náà ń gbà. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sọ ọ́ di páálí tuntun. Tírélà tó bá kó páálí wọlé á kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n ńlá kan tó wà nílẹ̀ lẹ́nu géètì, tí wọ́n ń pè ní wéébíríìjì. Tó bá já ẹrù tán, á tún gùn ún nígbà tó bá ń jáde. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ìwúwo páálí. Láyé ìgbà yẹn, ojú ni wọ́n fi ń ka nọ́ńbà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sínú ìwé, kò sì sí ọjọ́ tí akọ̀wé àti dírẹ́bà kì í jà. Ìyá Khàlíl ní ibẹ̀ lòun ti kọ́ èébú Hausa.

Lọ́dún 1990, ilé iṣẹ́ náà ra òṣùwọ̀n tuntun tó ní wáyà lẹ́yìn, wọ́n sì ra kọ̀ǹpútà kan. Wọ́n ti wáyà bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àwọn tó tà á ní iṣẹ́ àwọn ti parí, wọ́n lọ. Ìsíátù ti ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan ní Ṣógúnlé tí wọ́n ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà, ẹni mẹ́rìnlá sí ẹ̀rọ méjì, ó sì ní òun lè gbìyànjú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan bi í bóyá òun náà ni alárinà tó máa bá òṣùwọ̀n tọrọ kọ̀ǹpútà.

Mo ní kó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi bí ẹni tí ń ṣàlàyé fún ọmọ iléèwé. Ẹ̀wà wà lórí sítóòfù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó fi ṣíbí nà án.

Ó ní òṣùwọ̀n máa ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ gba orí wáyà, ẹyọ kan tẹ̀lé òmíràn, bí àwọn èèyàn tó tò sórí ìlà. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa fi ránṣẹ́. Bí kọ̀ǹpútà ò bá tètè gba ẹyọ kan, òmíràn á dé, á tì í ṣubú, nọ́ńbà á sì di nọ́ńbà mìíràn. Tírélà tó wúwo á wá di kẹ̀kẹ́ ológeere.

"Wò ó," ó ní, "ẹ̀wà mi rèé lórí iná, mo sì ń retí àlejò. Ṣé kí n máa sáré lọ wo ẹnu ilẹ̀kùn ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni? Ẹ̀wà á jóná, àlejò sì lè dé nígbà tí mo bá kọ̀yìn. Kí àlejò kí àgò. Tí mo bá gbọ́ àgò, màá gbé ṣíbí sílẹ̀, màá rántí ibi tí mo ro ẹ̀wà dé, màá gba ohun tó mú wá lọ́wọ́ rẹ̀, màá padà sídìí iná. Òun náà ni mo kọ́ kọ̀ǹpútà."

Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní yunifásítì ní orúkọ gígùn tí wọ́n ń pè é. Nínú ètò Ìyá Khàlíl, AGO ni orúkọ apá náà, láìsí àmì ohùn lórí rẹ̀, torí pé kọ̀ǹpútà ìgbà náà ò mọ àmì ohùn.

Ó kọ AGO tán ní oṣù kẹta ọdún 1991. Tírélà gun òṣùwọ̀n. Nọ́ńbà kan ṣoṣo hàn lójú kọ̀ǹpútà, ẹyọ kan péré, lẹ́yìn náà kò sí nǹkan mọ́. Ó pa á, ó tan án, tírélà tún gùn ún. Ẹyọ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi rí bẹ́ẹ̀. Ìwé tó yá lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ kò lè ràn án lọ́wọ́ torí pé ẹnì kan ti ya ojú ewé tó yẹ kó kà. Ó ti lóyún oṣù mẹ́sàn-án nígbà náà, àwọn ọkùnrin ọ́fíìsì sì ń bi í èwo ló máa kọ́kọ́ bí nínú méjèèjì.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Baba Ọ̀fà, àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀, wá kí wọn nílé. Baba jẹun, Baba dìde pé òun ń lọ. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó di férémù mú, ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ mọ irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ìdágbére wọn máa ń gùn ju àbẹ̀wò lọ. Télọ̀ tó gbé aṣọ ìkómọ wá dúró síta, kò rọ́nà wọlé. Ọmọ aládùúgbò tó wá dá odó padà dúró sẹ́yìn télọ̀. Ìyá ọkọ Ìsíátù, tó ju Baba lọ lọ́jọ́ orí, ló kàn gbá Baba sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó kọjá. Baba ò kúrò, torí kò sí ẹni tó tíì sọ fún un pé ó dàbọ̀, Baba kì í sì í ṣe ẹni tí í jí lọ bí olè. Nígbà tí ọkọ Ìsíátù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé, "Ó dàbọ̀ o, Baba," Baba dáhùn, ó bọ́ sílẹ̀, télọ̀ wọlé, odó wọlé.

Ìsíátù dìde lójijì débi tí ọkọ rẹ̀ sáré lọ gbé báàgì ilé ìwòsàn. Ó ní kì í ṣe ọmọ, nọ́ńbà ni.

Ohun tó rí nìyí. Aṣọ́nà kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń gbọ́ àgò fún un. Kọ̀ǹpútà gba nọ́ńbà àkọ́kọ́, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ fún aṣọ́nà pé àlejò ti lọ. Aṣọ́nà gbà pé àlejò ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn kí àgò. Lọ́jọ́ Ajé, Ìsíátù wá ìlà tó máa bá aṣọ́nà sọ̀rọ̀ nínú ìwé mìíràn, ìlà méjì péré, ó kọ ọ́ sí òpin AGO, ó sì sọ ọ́ ní ODABO. Tírélà gun òṣùwọ̀n. Gbogbo nọ́ńbà wọlé. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Khàlíl wọlé.

Ìtàn tó bá dùn tó báyìí máa ń kọ mí lóminú. Mo ní ṣé ó ní ẹ̀rí. Kò bínú. Ó gun àga, ó gbé ìwé kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí pákó, èèpo rẹ̀ ti bó, gbogbo ètò náà sì wà nínú rẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, tó fi ọwọ́ kọ. Lórí ojú ewé kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ODABO, bírò pupa kọ ọ́ báyìí: "Baba Ọ̀fà ti lọ. 22/4/91." Mo dà á kọ sínú ìwé tèmi.

Ó kù ká lọ wo ẹ̀rọ náà. A fi sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ náà ló ránṣẹ́ pè wá kó tó dìgbà náà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Khàlíl nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Sùlè ni, ẹni tó ti wà nídìí wéébíríìjì náà láti ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ ń jáde síta. Ó ní ilé iṣẹ́ ti yí orúkọ padà, wọ́n sì gbé ẹ̀ńjíníà kan wá láàná kó lè fi orúkọ tuntun sórí tíkẹ́ẹ̀tì ìwúwo tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ fún àwọn dírẹ́bà. Orúkọ tuntun ti wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀gá Albert, máníjà, ti ní tí kò bá ṣiṣẹ́ títí di aago méjì, kí wọ́n kó o fún oníkóńdẹ́ẹ̀mù tó ń ra ògbólógbòó irin, òun máa ra tuntun.

"Oníkóńdẹ́ẹ̀mù ti dé o," Sùlè ní. "Ó ti jókòó sórí ọmọlanke rẹ̀, ó ń wo kọ̀ǹpútà yín bí ẹni ń wo ẹran iléyá."

Ìyá Khàlíl dìde. Ó mú ìwé náà, ó mú súkúrúdíráfà méjì, ó ti ṣọ́ọ̀bù. Inú kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló ti sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ mẹ́ta lòun bí, ọ̀kan wà ní Kánádà, méjì wà ní Ìbàdàn, gbogbo wọn ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n bàbá wọn náà lọ́wọ́ nínú ìyẹn, iléèwé lọ́wọ́ nínú rẹ̀, Ọlọ́run ló sì ni gbogbo rẹ̀.

"Ohun tí mo dá fi orí ara mi ṣe," ó ní, "tó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní, ọ̀kan yẹn náà ni."

Lẹ́yìn náà ó ní kí dírẹ́bà rọra, ìwé òun á já.

Tírélà mẹ́ta ti tò síta géètì nígbà tí a dé ibẹ̀. Yàrá wéébíríìjì jẹ́ yàrá kékeré onígíláàsì, kọ̀ǹpútà náà sì wà lórí tábìlì, ó ti yí padà sí àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Ọ̀gá Albert dúró tì í, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ẹni tó sanra tó sì ní ọ̀wọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí Ìyá Khàlíl, ó ní òun ò fẹ́ kó dà bí ìwọ̀sí, pé òun mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ti ṣe fún ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun gbogbo ló ní ìgbà.

"Òótọ́ ni, Ọ̀gá," Ìyá Khàlíl ní. "Ìgbà tiyín ni aago méjì. Ẹ jẹ́ kí ó lò ó."

Ẹ̀ńjíníà náà ni Pamílẹ́rìn, ọmọ Ọ̀wọ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kò tíì sùn láti àná, ó hàn lójú rẹ̀. Kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ètò ìgbà láéláé ni, ó sì kọ́ ọ fúnra rẹ̀ láti inú fídíò kó lè ṣe iṣẹ́ náà. Ó ní òun ti pààrọ̀ wáyà, òun ti nu ẹnu rẹ̀, òun ti bẹ òṣùwọ̀n wò, gbogbo rẹ̀ pé. Ó rò pé kọ̀ǹpútà náà ti darúgbó ni.

Ìyá Khàlíl ní kí tírélà kan gun òṣùwọ̀n. Nọ́ńbà kan ṣoṣo hàn lójú kọ̀ǹpútà: 1. Lẹ́yìn náà kò sí nǹkan mọ́. Mo wo ojú obìnrin náà, mo rò pé màá rí ìbànújẹ́. Ẹ̀rín ni mo rí. Ó tẹ bọ́tìnnì kan lórí kíbọ́ọ̀dù, lẹ́tà hàn. Ó tọ́ka sí aago kékeré tó wà lókè ojú kọ̀ǹpútà, ó ń rìn. Ó ki díìsìkì bọ ẹnu rẹ̀, iná ibẹ̀ tàn, kò sì kà á.

"Kò kú," ó ní. "Àlejò kan wà lẹ́nu ọ̀nà."

Ọ̀gá Albert wo ẹnu ọ̀nà.

Ó ṣàlàyé. Ó ní inú kọ̀ǹpútà náà ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, gẹ́gẹ́ bí ilé. Aago ló dàgbà jù, kíbọ́ọ̀dù tẹ̀lé e. Àwọn wọ̀nyẹn lè gbá àlejò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n kọjá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Díìsìkì kéré sí òṣùwọ̀n, ó sì ní láti dúró síta. Ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ kì í bọ̀wọ̀ fún àgbà báyẹn. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ni òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀, torí kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó máa lọ.

Ó yíjú sí Pamílẹ́rìn, ó bi í kí ló ṣe sí ètò náà yàtọ̀ sí orúkọ.

"Mi ò ṣe nǹkan gidi kan, mà," Pamílẹ́rìn ní. "Mo kàn tún un ṣe díẹ̀. Mo yọ ohun tí kò wúlò."

"Bíi kí ni?"

"Àwọn ìkíni."

"Ìkíni wo?"

Ó ti ń fura nígbà náà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "ODABO, mà. Mo rí i ní òpin, mo rò pé ẹ kàn fi ń ṣeré ni. Pé ẹ ń dágbére fún ẹni tó bá ń kà á."

 Sùlè ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀ńjíníà, tó bá jẹ́ òyìnbó ni wọ́n gbé wá, kọ̀ǹpútà yìí ì bá máa ṣiṣẹ́. Kò ní mọ ohun tó ń jẹ́ ODABO, ẹ̀rù á bà á, kò ní fọwọ́ kàn án. Yorùbá tí o gbọ́ ló kó bá ọ."

Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, torí òun gan-an ni òkodoro ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí kò gbọ́ èdè náà ì bá wádìí. Ẹni tó gbọ́ ọ ti mọ̀ pé ó dàbọ̀ kì í ṣe iṣẹ́, ọ̀wọ̀ lásán ni.

Mo retí pé Ìyá Khàlíl máa bá Pamílẹ́rìn wí. Ó ní ẹ̀bi òun náà ni, pé ó yẹ kí òun kọ àlàyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé ní 1991 òun rò pé òun ni yóò máa tún un ṣe títí láé. Ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé bírò pupa, ó tẹ́ ẹ síwájú Pamílẹ́rìn, ó ní kó dá a padà fúnra rẹ̀. Òun kò fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Aago kan ti lù. Ọ̀gá Albert ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Níta, oníkóńdẹ́ẹ̀mù ti tú okùn rẹ̀, ó ń nà án lára gíláàsì láti wọn ibú tábìlì wò.

Pamílẹ́rìn kọ ìlà méjèèjì. Ó kọ orúkọ náà sórí wọn. Ó ti fẹ́ kọ ìlà tó ń pè é ní òpin AGO nígbà tó dúró, ó kọ àlàyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá pé ENIKENI KO GBODO YO EYI. Sùlè ní kó fi kún un pé tìtorí Baba Ọ̀fà. Ó fi kún un. Ó ní kí kọ̀ǹpútà tún ètò náà hun, a dúró, díìsìkì líle inú rẹ̀ ń kùn bí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún.

Tírélà gun òṣùwọ̀n. 1 hàn. Pamílẹ́rìn di etí tábìlì mú. 8 hàn, 4 hàn, gbogbo rẹ̀ tò wọlé: 18,460. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pariwo, tíkẹ́ẹ̀tì jáde, orúkọ tuntun lókè, nọ́ńbà nísàlẹ̀. Àwọn dírẹ́bà tó wà níta pàtẹ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ ọ̀sán ló wà lọ́kàn tiwọn.

Ọ̀gá Albert ò pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí. Mo fara mọ́ ọn, mo sì sọ bẹ́ẹ̀, Sùlè sì bi mí lẹ́yìn ta ni mo wà. Wọ́n mú tírélà náà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún gùn ún, lẹ́ẹ̀mẹta. 18,460, lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní ká gbé ohun tí a mọ ìwúwo rẹ̀. Sùlè tọ́ka sí ọkọ̀ Ọ̀gá Albert. Wọ́n gbé e gùn ún, òfìfo: 1,540. Ọ̀gá Albert wọ inú rẹ̀ jókòó. 1,660. Sùlè ka nọ́ńbà náà sókè, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má béèrè ìyàtọ̀ lọ́wọ́ òun, òun ní ìyàwó nílé. Ọ̀gá Albert fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ náà mì, nọ́ńbà tó wà lójú òṣùwọ̀n sì ń fò.

Mo ṣì ní ìbéèrè kan. Mo bi Sùlè bóyá kò tíì ṣìṣe rí láàárín ọdún mọ́kànlélógún tó ti wà níbẹ̀. Ó ronú. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan wà tí tírélà òfìfo kan fi ogún kílò ju tàná lọ, dírẹ́bà sì jà títí. Wọ́n wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n bá ewúrẹ́ kan tó sùn sórí òṣùwọ̀n.

"Nítorí náà kò ṣìṣe," mo ní.

"Ewúrẹ́ ni kò yẹ kó wà níbẹ̀," ó dáhùn.

Ọ̀gá Albert pa ọ̀rọ̀ kóńdẹ́ẹ̀mù tì. Ó ní kí ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, ó sì ní kí Pamílẹ́rìn máa lọ sí Ṣógúnlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kọ̀ọ̀kan kí Ìyá Khàlíl kọ́ ọ ní gbogbo ìwé náà. Ìyá Khàlíl ní kó máa mú èlùbọ́ bọ̀, ìmọ̀ kì í wọ orí lófìfo. Oníkóńdẹ́ẹ̀mù nìkan ni inú rẹ̀ ò dùn. Ó ní wọ́n fi ọjọ́ òun ṣòfò. Sùlè ní kó gbé ọmọlanke rẹ̀ gun òṣùwọ̀n, ó gbé e gùn ún, ọgọ́fà kílò, wọ́n tẹ tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a sínú fìlà rẹ̀, ó lọ.

Wọ́n ti kírun Jímọ̀ tán, ìyẹn Ìyá Khàlíl àti Sùlè, èmi ń dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì, nígbà tí Pamílẹ́rìn ní òun máa sìn wá sọ́nà. Ó bá wa rìn dé ibi tí kẹ̀kẹ́ ń dúró sí. Ìyá Khàlíl wọlé, mo wọlé tẹ̀ lé e. Àyè ẹnì kan ló kù. Pamílẹ́rìn di irin kẹ̀kẹ́ mú, ó tẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ní kí màmá má bínú. Màmá ní òun ò bínú. Ó ní òun ì bá ti kọ́kọ́ béèrè. Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè bóyá kí òun mú kọ̀ǹpútà tòun bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Màmá ní kó mú un bọ̀. Ó béèrè ohun tí AGO máa ṣe tí òṣùwọ̀n méjì bá kí i lẹ́ẹ̀kan náà, màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn.

Obìnrin kan tó ru páànù búrẹ́dì òfìfo ti dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò gbà wọlé. Dírẹ́bà tẹ hóònù. Obìnrin náà ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ilé ni mò ń lọ."

Ìyá Khàlíl wo obìnrin náà, ó wo Pamílẹ́rìn tó dí ẹnu ọ̀nà, ó wò mí. Mo rí i pé ó ti rí ohun tí mo rí.

"Pamílẹ́rìn," ó ní, "kí ni mi ò tíì sọ fún ọ?"

Ó gbà á ní ìṣẹ́jú kan kó tó yé e. Ó bo ojú rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín.

"Ó dàbọ̀, ọmọ mi."

"Ó dàbọ̀, mà."

Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, obìnrin oníbúrẹ́dì wọlé, kẹ̀kẹ́ gbéra.